Òpó rọ́bà tí wọ́n ń rì sí kọ́nà títì: mo fún un ní 4 nínú 5

Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, ọjà yìí dáa. Òpó rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ni mò ń sọ, èyí tó máa ń ní bẹ́líìtì funfun lára tó máa ń tàn yanran tí iná mọ́tò bá kàn án lálẹ́, tí wọ́n máa ń fi bóòtù dè mọ́ títì ní kọ́nà àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ síbìrà, ìyẹn ibi ìlà funfun tí ẹlẹ́sẹ̀ ti ń sọdá, kí mọ́tò má bàa páàkì síbẹ̀. Ó máa ń ga dé ìbàdí àgbàlagbà tàbí kó lé díẹ̀, tí mọ́tò bá gbá a á tẹ̀, á tún nàró padà. Fún ìlú kékeré tí owó ò pọ̀ lápò káńsù ẹ̀, mi ò mọ nǹkan míì tí wọ́n lè fi ọ̀sán kan ṣáá tò sójú títì tó máa gba ẹlẹ́sẹ̀ là tó o. Ó ní àléébù, mo sì máa sọ ọ́ dáadáa, òun ni ò jẹ́ kó gba 5.

Ṣé ẹ rí i, tí ọ̀rọ̀ páàkì bá ti délẹ̀ nílùú kékeré, ohun tí gbogbo èèyàn máa ń pariwo ni pé àyè ò tó. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ bèèrè pé ibo gan-an ni mọ́tò yẹn dúró sí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Mọ́tò tó fara mọ́ etí títì níbi tó gùn gbọọrọ, tó jìnnà sí ìkóríta, ìyọnu ẹ̀ ò pọ̀. Èyí tó dúró ní kọ́nà tó ti imú bọ síbìrà, òun ni mò ń bẹ̀rù. Ẹ wo ọmọ ọdún mẹ́fà tó fẹ́ sọdá. Bọ́nẹ́ẹ̀tì jíípù fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba lórí. Ó dúró síbi tí wọ́n kọ́ ọ pé kó dúró sí, ó wo ọ̀tún, ara mọ́tò ló rí, ó wo òsì, ara mọ́tò náà ló tún rí, ó wá di dandan kó fẹsẹ̀ kan bọ́ sójú títì kó sì na ọrùn kó tó lè mọ̀ bóyá nǹkan ń bọ̀, àsìkò yẹn gan-an ni dẹ́rẹ́bà tó ń bọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọmọ ọ̀hún ò ṣe nǹkan kan tí ò dáa o, gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ṣe.

Ẹ wá fi ìsáré mọ́tò kún un. Nínú Highway Code, ìwé ìlànà ojú títì tí wọ́n ń lò nílùú Ọba, mọ́tò tó ń sá 30 máìlì ní wákàtí kan, ìyẹn bíi 48 kìlómítà, máa rin mítà 23 kó tó dúró pátá, mítà 9 nínú ẹ̀ sì ti lọ kí ẹsẹ̀ dẹ́rẹ́bà tó kan bùréèkì rárá. Tó bá jẹ́ 20 máìlì ló ń sá, mítà 12 ni. Torí náà tí ọmọ yẹn bá yọ lẹ́yìn jíípù nígbà tó ku mítà 8, tí mọ́tò sì wà lórí 30, dẹ́rẹ́bà ò ní tíì tẹ bùréèkì tí á fi kàn án. Bó ti wù kó mọ mọ́tò wà tó, bùréèkì ì báà jẹ́ tuntun, kò sóhun tó fẹ́ ṣe sí i. Ohun kan ṣoṣo tó lè yí i padà ni kí jíípù yẹn má sí níbẹ̀.

Òfin sì ti mọ èyí tipẹ́. Ìlú Ọba ní kẹ́nikẹ́ni má páàkì tí kò bá tíì jìnnà tó mítà 10 sí ìkóríta, àfi níbi tí wọ́n bá dìídì fààyè gbà á. Jámánì ní mítà 5. Ní California, òfin tuntun ní kí mọ́tò fi ẹsẹ̀ bàtà 20 jìnnà sí síbìrà, ọdún 2025 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba fáìnì lórí ẹ̀. Faransé fún àwọn ìlú wọn di 31 December 2026 kí wọ́n fi kó ibi páàkì kúrò ní mítà 5 ṣáájú gbogbo síbìrà. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwa tá à ń fẹsẹ̀ rìn la mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú títì: dẹ́rẹ́bà á ní “mi ò ní pẹ́, ìṣẹ́jú méjì péré ni,” á gun pẹ́ńtì tí wọ́n fi sàmì sí kọ́nà bíi pé kò sí níbẹ̀, wọ́dà ìlú kékeré ò sì lè wà ní gbogbo kọ́nà lẹ́ẹ̀kan náà. Òpó rọ́bà ni ò ń gba ẹ̀bẹ̀ ìṣẹ́jú méjì. Tó bá ti wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ dẹ́rẹ́bà ò ní ti imú mọ́tò wọlé mọ́.

Hoboken ní New Jersey, l'Amẹ́ríkà, ni mo máa ń tọ́ka sí tí wọ́n bá ní kò lè ṣiṣẹ́. Ìlú yẹn ò fẹ̀, gbogbo ilẹ̀ ẹ̀ ò ju nǹkan bíi máìlì kan níbùú lóròó lọ, àwọn èèyàn sì kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, àyè páàkì níbẹ̀ ìjà ni. Wọ́n fi òpó, pẹ́ńtì, ibi ìgbékẹ̀kẹ́ àti ọgbà òdòdó kéékèèké lé mọ́tò kúrò ní kọ́nà, kọ́nà kan tẹ̀ lé òmíì, wọ́n dín ìsáré kù sí 20 máìlì, láti January 2017 ó lé lọ́dún méje tí mọ́tò ò fi pa ẹnì kankan lójú títì wọn. Kì í ṣe òpó nìkan ló ṣe é o, kẹ́ni kan má lọ rà á tán kó wá lọ sùn. Àmọ́ kọ́nà tó ṣófo wà lára iṣẹ́ náà, òpó sì wà lára ohun tí owó ẹ̀ ò pọ̀ nínú ohun tó ń jẹ́ kó ṣófo.

Ó ku àléébù. Àkọ́kọ́, òpó yìí ò dá mọ́tò dúró. Ó ń sọ fún dẹ́rẹ́bà ni, tí dẹ́rẹ́bà ò bá gbọ́, táyà á gorí ẹ̀ kọjá. Níwájú ilé ìwé tàbí níbi tí èèyàn máa ń dúró jọ sí, kọnkéré tàbí irin ni mo fẹ́, kí wọ́n gbé etí títì fún ẹlẹ́sẹ̀ náà sókè kó sì yọ síta díẹ̀ ní kọ́nà, kí ibi tí èèyàn máa sọdá kúrú. Owó ńlá nìyẹn, mo mọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí wọ́n fi rọ́bà bẹ̀rẹ̀ ná dípò kí wọ́n máa dúró de owó ọdún tó ń bọ̀.

Èkejì, bí wọ́n ṣe ń tò ó. Èyí ń dùn mí gan-an ni. Kọ́nà kan wà tí mo máa ń gbà, àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ri òpó kan gúnlẹ̀ ní àárín gbùngbùn ibi tí wọ́n ti rẹ etí títì sílẹ̀ fún ẹni tó wà nínú wíìṣẹ́à, ìyẹn ibi kan ṣoṣo tí kẹ̀kẹ́ yẹn lè gbà sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó ń lo ọ̀pá torí pé kò ríran náà á sì fara gbá a. Wọ́n lé mọ́tò lọ, wọ́n tún lé ẹlẹ́sẹ̀ lọ. Òpó ò gbọdọ̀ dí ọ̀nà tí èèyàn ń gbà, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni kó dúró sí. Àyè àárín wọn náà ní ìṣirò: tó bá fẹ̀ jù, mọ́tò kékeré á yọ́ wọlé, tó bá há jù, wíìṣẹ́à ò ní kọjá. Bíi mítà kan sí mítà kan ó lé díẹ̀ máa ń dáa. Máṣíìnì, ìyẹn ọ̀kadà, á ṣì máa gba àárín ẹ̀ o, òpó ò ní oògùn ìyẹn.

Oòrùn máa ń pa àwọ̀ ẹ̀, ẹrẹ̀ máa ń bo bẹ́líìtì tó ń tàn yẹn títí tí kò fi ní tàn mọ́, ó sì dìgbà tí bóòtù ìdí ẹ̀ bá tú kí ẹ tó mọ̀ pé ẹnì kankan ò wá wò ó rí.

Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ló máa kọ́kọ́ bínú, mi ò sì dá wọn lẹ́bi, ẹni tó ń tajà ń wá oníbàárà. Àmọ́ kọ́nà kan ò gbà ju àyè mọ́tò kan tàbí méjì lọ, káńsù sì lè fi àyè páàkì oníwákàtí kan rọ́pò ẹ̀ ní títì ẹ̀gbẹ́. Àyè tó ṣófo náà ò ní láti wà lásán, kẹ̀kẹ́ lè máa dúró síbẹ̀ torí kẹ̀kẹ́ ò ga, kò lè bo ọmọdé mọ́ dẹ́rẹ́bà lójú. Oníbàárà tó fi mọ́tò wá gan-an, ní kété tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ tó pa ilẹ̀kùn dé, òun náà ti di ẹlẹ́sẹ̀ nìyẹn, síbìrà kan náà ló máa gbà dé ṣọ́ọ̀bù.

Tẹ́ ẹ bá wà nínú ẹgbẹ́ àdúgbò tàbí ẹgbẹ́ òbí tó fẹ́ kọ̀wé sí káńsù, irú èyí tí ìdí ẹ̀ àti òpó ẹ̀ ṣe é yà sọ́tọ̀ ni kẹ́ ẹ bèèrè, torí tí òpó bá ṣẹ́, wọ́n á kàn yọ ọ́ kí wọ́n ki òmíì bọ ìdí kan náà láì tún lu títì. Kí bẹ́líìtì ẹ̀ jẹ́ méjì ó kéré tán, kí àwọ̀ ẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ti títì, ẹni tí ojú ẹ̀ ò ríran tó nílò ẹ̀. Kí wọ́n ra àfikún dání lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ra tàkọ́kọ́, kí wọ́n sì yan ẹnì kan tí á máa lọ yẹ̀ wọ́n wò lóṣooṣù, tòun ti sípánà àti omi àti àkísà lọ́wọ́.