Ìwúwo ẹ̀yìn fún katakata kékeré tó ní lódà: àpótí kọ́ńkéré, omi inú táyà, àbí irin ríìmù?

Ẹni tó fẹ́ ra katakata kékeré tó ní lódà níwájú, ìyẹn apá tó ní abọ́ ńlá tí a fi ń kó iyẹ̀pẹ̀ àti ẹrù, sábà máa ń bi ọlọ́jà pé kílò mélòó ni lódà náà lè gbé. Ó yẹ kó tún bi í pé kí ni yóò tẹ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ nígbà tí iwájú bá gbé ẹrù. Bí lódà bá gbé iyẹ̀pẹ̀ tútù sókè, gbogbo ẹrù yóò fì síwájú, ẹ̀yìn á sì fúyẹ́. Kì í ṣe pé táyà ẹ̀yìn á máa yí lásán nìkan. Lára ọ̀pọ̀ katakata kékeré, ẹ̀yìn nìkan ni bíréèkì wà. Bí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pẹ̀lú abọ́ tó kún, tí táyà ẹ̀yìn ò sì di ilẹ̀ mú, ẹ lè tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ kó má ṣe nǹkan kan. Nírú ibẹ̀, four-wheel ló ń gbani, torí ó so táyà iwájú pọ̀ mọ́ ti ẹ̀yìn. Ẹ má sì gbé abọ́ sókè rìn.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀ láti fi kún ìwúwo ẹ̀yìn. Èmi ò ní díbọ́n pé ọgbọọgba ni wọ́n.

Àpótí tí a kọ́ sẹ́yìn

Ara apá mẹ́ta tí a fi ń kọ́ irinṣẹ́ sẹ́yìn ni wọ́n ń kọ́ àpótí yìí sí. Wọ́n ń tà á ní àpótí irin òfìfo, ẹni tó rà á á wá fi kọ́ńkéré, iyanrìn tàbí òkúta kún un. Ẹ sì lè ní kí wẹ́dà ṣe é fún yín. Lítà kan kọ́ńkéré wúwo tó nǹkan bí kílò 2.4, nítorí náà ìdajì àgbá epo oní-200 lítà tí wẹ́dà gé, tó sì jó irin ìkọ́ mọ́ lára, yóò tó kílò 240 bí ó bá kún.

Ibi tí àpótí dúró sí ló fi borí àwọn méjì tó kù. Ẹ̀yìn táyà ẹ̀yìn ló wà, nítorí náà bó ṣe ń tẹ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ ló ń fa iwájú sókè díẹ̀. Ẹ ká ní mítà 1.6 ni àárín táyà iwájú sí ti ẹ̀yìn, tí àpótí kílò 300 sì wà ní mítà kan sẹ́yìn táyà ẹ̀yìn. Yóò mú nǹkan bí kílò 187 kúrò lórí ẹsẹ̀ iwájú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á sì gba nǹkan bí 487. Ẹ so irin kílò 300 kan náà mọ́ ríìmù ẹ̀yìn: ẹ̀yìn á wúwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n kílò kan ṣoṣo ò ní kúrò lórí ẹsẹ̀ iwájú. Ẹni tó bá ti tún ẹsẹ̀ iwájú katakata onífour-wheel ṣe rí mọ iye tí èyí yóò dá sí i lápò.

Àléébù rẹ̀ ni pé ó gba ibi ìkọ́ irinṣẹ́, ó sì mú kí katakata gùn níbi tó há. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ní rotavator (ẹ̀rọ tó ń tú ilẹ̀) tàbí slasher (ẹ̀rọ tó ń gé koríko) tó wúwo, ẹ lè kọ́ ọ sẹ́yìn dípò àpótí, bí ẹ bá lè fara dà á pé yóò máa gbá mọ́ ògiri.

Ọlọ́jà kì í sábà sọ èyí: iye méjì ni ìwé ìtọ́ni máa ń kọ fún agbára apá ẹ̀yìn, èyí tó lè gbé ní ẹnu rẹ̀ gan-an, àti èyí tó lè gbé ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 60 sẹ́yìn ibẹ̀. Ìkejì ló kéré, òun ni kí ẹ lò.

Omi inú táyà

Kò sí èyí tó dínwó tó o. Lítà omi kan, kílò kan. Wọ́n máa ń yí ẹnu ìfátẹ́gùn sókè, wọ́n á da omi dé ibẹ̀, ìyẹn nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin táyà, atẹ́gùn á gba ìyókù. Táyà 11.2-24 ń gba nǹkan bí 100 lítà, èjì rẹ̀ á jẹ́ kílò 200. Ìsàlẹ̀ ni ìwúwo náà wà, nítorí náà katakata kì í tètè fì lórí ilẹ̀ dídagun.

Ní Amẹ́ríkà, omi lásán máa ń di yìnyín nígbà òtútù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo calcium chloride, iyọ̀ kan tó ń jẹ irin ríìmù, tàbí Rim Guard, omi tí a fún lára bíìtì, gbòǹgbò tí wọ́n fi ń ṣe ṣúgà, tí kì í jẹ irin, tí lítà rẹ̀ sì tó nǹkan bí kílò 1.3. Ẹni wa tó ní ilẹ̀ ní Minnesota nílò irú rẹ̀. Ẹni tó wà ní Ìsẹ́yìn ò nílò rẹ̀. Omi kànga nínú túùbù ti tó.

Wàhálà ibẹ̀ ni kùkùté àti ẹ̀gún. Bí táyà bá lu, fọkanáísà gbọ́dọ̀ fa omi jáde kó tó tú u. Ẹ ò sì lè bọ́ omi sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń bọ́ àpótí nígbà tí ẹ bá fẹ́ wọ akùrọ̀ tàbí oko ìrẹsì, níbi tí ìwúwo ti ń ri katakata mọ́lẹ̀.

Irin ríìmù

Èyí ni irin wúwo tí a ń so mọ́ ríìmù táyà ẹ̀yìn. Ó ṣeé tú, kì í jò, kì í gba ibi ìkọ́ irinṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó wọ́n, ó sì gbọ́dọ̀ bá ihò ríìmù mu. Fún tòkunbọ̀ láti Japan, wíwá èyí tó bá a mu lè rẹni. Èmi ò ní fi òun bẹ̀rẹ̀.

Èwo ni kí ẹ rà?

Bó bá jẹ́ lódà lẹ fẹ́ máa lò jù, àpótí ni, kí ẹ sì tún da omi sínú táyà bí ilẹ̀ yín bá dagun. Àwọn ìwé lódà kan tilẹ̀ béèrè fún méjèèjì pọ̀. Ẹ gba ìwé náà kẹ́ ẹ tó sanwó. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ lẹ fẹ́ máa tú, tí lódà sì jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan, omi nìkan tó.

Fún tòkunbọ̀, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá nǹkan ti wà nínú táyà. Ẹ yí ẹnu ìfátẹ́gùn sísàlẹ̀, kí ẹ tẹ abẹ́rẹ́ rẹ̀ díẹ̀. Bí omi bá tú jáde, tí nǹkan funfun sì ti gbẹ sí etí ríìmù, iyọ̀ ni wọ́n fi sí i. Ẹ ní kí wọ́n tú táyà kan kẹ́ ẹ rí inú ríìmù, bí ó bá sì ti jẹrà, ẹ yọ owó ríìmù méjì kúrò nínú iye tí wọ́n pè.