Sípíkà oníhọ́ọ̀nù nínú pálọ̀: ohun tí etí mi ti gbọ́

Mi ò ní padà sídìí sípíkà lásán tí ò ní họ́ọ̀nù mọ́, kí n ti sọ ọ́ ṣáájú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ra oníhọ́ọ̀nù, ámpù, ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára, ni kó kọ́kọ́ rò kó tó kan sípíkà.

Àwọn tí mò ń lò yìí, wúfà oníínṣì 12 ló ń gbé béèsì. Họ́ọ̀nù méjì wà lókè ẹ̀, ńlá fún ohùn èèyàn, kékeré fún ohùn tó mú. Ẹnu họ́ọ̀nù là gbàràgàdà bíi ti kàkàkí, òun ló sì ń ran awọ kékeré tó wà nídìí ẹ̀ lọ́wọ́ láti ti afẹ́fẹ́. Kí ló dé tí béèsì ò ní họ́ọ̀nù tiẹ̀? Àyè ni. Ìgbì ohùn béèsì tó wálẹ̀ dé 40 Hz (ìgbà 40 ló ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) gùn ju mítà 8 lọ, họ́ọ̀nù tó máa gbé e á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kọ́bọ́ọ̀dù. Paul Klipsch, tó dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nílùú Hope, ní Arkansas l'Amẹ́ríkà lọ́dún 1946, ká họ́ọ̀nù béèsì pọ̀ sínú àpótí sípíkà tó pè ní Klipschorn, ó wá fi igun ògiri ṣe ìyókù. Ọgbọ́n gidi ni, àmọ́ igun méjì tó ṣófo ò sí ní pálọ̀ tèmi.

Wàyí o, ámpù. Ọ̀pọ̀ sípíkà lásán ò ju nǹkan bíi 86 dB (dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, ìwọ̀n bí ohùn ṣe ròkè tó) lọ pẹ̀lú wáàtì 1, téèyàn bá wọ̀n ọ́n ní mítà 1. Tèmi jẹ́ 96. Ohun tí tọ̀hún ń fi wáàtì 10 ṣe, wáàtì 1 ti tó o níbí. Ámpù onítúùbù 300B (oríṣi túùbù onígíláàsì kan) tí mò ń lò ò ju bíi wáàtì 8 lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó sì ń ṣẹ́ kù. Ámpù ńlá tí mo kọ́kọ́ so mọ́ ọn lágbára rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n ariwo ṣììì tí mi ò gbọ́ rí lára sípíkà àtijọ́, orí àga ni mo ti ń gbọ́ ọ. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó ámpù, ẹ so ó mọ́ sípíkà, ẹ má fi orin sí i, kẹ́ ẹ wá dẹ etí sẹ́nu họ́ọ̀nù.

Ohùn wá ńkọ́? Olórin mí kó tó gbé ẹsẹ kejì, mo gbọ́. Ìlù ló wù mí jù: ọ̀pá kan awọ, pà!, ó ti tán, kò fa ìrù rárá.

Béèsì ò jinlẹ̀ púpọ̀. Mo sún àpótí mọ́ ògiri, ó sàn. Mi ò rò pé ó yẹ kẹ́ni tó ń bẹ̀rẹ̀ máa kánjú ra sọ́bùwúfà, àpótí tó wà fún béèsì nìkan, torí kí béèsì rẹ̀ bá ìyókù rìn kì í rọrùn. Tí ohùn bá ń gba imú jáde, ẹ yí ojú àpótí díẹ̀díẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Kẹ́ ẹ má sì jókòó sún mọ́ ọn jù: ní mítà méjì, wúfà àti họ́ọ̀nù ń dá sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ létí mi, ní mẹ́ta, wọ́n di ọ̀kan.

Tó bá jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ rà, ẹ fìka kan họ́ọ̀nù onírin. Bó bá ń dún wọn-wọn, á máa da ohùn tiẹ̀ mọ́ orin. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi orin dùùrù nìkan sí i. Awọ tó ti bàjẹ́ nídìí họ́ọ̀nù á máa ha níbi tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ le.