Gígé ihò sára gypsum board: ayùn ọwọ́ ni àbí abẹ multi-tool?

Bí iṣẹ́ yín kò bá ju kí ẹ dá ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì méjì sí ògiri gypsum board (bọ́ọ̀dù ògiri tí bébà bò lójú méjèèjì) lọ, ẹ má wulẹ̀ ra ẹ̀rọ. Ayùn ọwọ́ ẹlẹ́nu ṣóńṣó, èyí tí abẹ rẹ̀ gùn tó ìǹṣì 6, á ṣe é. Ẹ ó fi ẹnu rẹ̀ gún bọ́ọ̀dù, ẹ ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ìdí rẹ̀ títí tí á fi wọlé, ẹ ó sì máa fà á lọ fà á bọ̀. Bọ́ọ̀dù tó nípọn tó ìdajì ìǹṣì kò le rárá. Kò sí ariwo, eruku kì í fò káàkiri, ọwọ́ á sì tètè mọ̀ ọ́n lára bí abẹ bá kan páìpù. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń fa bébà ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù ya. Bó bá sì kan igi férémù, iṣẹ́ dúró nìyẹn.

Ibẹ̀ ni multi-tool, ẹ̀rọ iná kékeré tí à ń fi ọwọ́ dì mú, ti wúlò. Kì í yí abẹ po. Ṣe ló ń gbọ̀n ọ́n sọ́tùn-ún sósì, díẹ̀díẹ̀ ṣùgbọ́n kíákíá, débi pé ó lè tó ìgbà 20,000 ní ìṣẹ́jú kan. Abẹ plunge á gún bọ́ọ̀dù wọlé tààrà láìkọ́kọ́ lu ihò, igun ihò á sì mú rekete. Irú ẹ̀rọ yìí tí ilé iṣẹ́ Fein ṣe ní Jámánì ní 1967, POP ẹsẹ̀ aláìsàn ni wọ́n fi ń gé. Gypsum kan náà ni POP àti bọ́ọ̀dù yìí, nítorí náà iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ àtijọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ wá ku ti abẹ. Èyí tí wọ́n fi irin lásán ṣe ló wọ́n kéré jù. Ó tó fún bọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n bó bá pàdé ìṣó kan ṣoṣo, eyín rẹ̀ lọ nìyẹn. Bi-metal, èyí tí wọ́n fi oríṣi irin méjì ṣe, ń gé igi tó ní ìṣó nínú, ó sì gé férémù irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń pín ọ́fíìsì. Òun ni mo máa rà. Carbide, èyí tí eyín rẹ̀ le jù, gbówó lórí. Ẹ fi sílẹ̀, àfi bí ẹ bá fẹ́ gé sìkúrù bọ́ọ̀dù gan-an, nítorí irin líle ni sìkúrù yẹn, kì í pẹ́ ba eyín bi-metal jẹ́.

Abẹ tó fẹ̀ tó mílímítà 32 sí 35 ló dára fún ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì. Fún ìlà gígùn, abẹ olóbìrípo ló dára jù, torí gígún ni plunge ń gún léraléra, ìlà rẹ̀ a sì máa wọ́. Ẹ lẹ tépù mọ́ abẹ níbi tó bá ìnípọn bọ́ọ̀dù mu, kó má bàa wọlé jù bá wáyà. Kí ẹ sì pa iná kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

RotoZip, ẹ̀rọ tó ń yí abẹ rẹ̀ po bíi ti ìlùhò, ní nǹkan bí 30,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú, yára ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n eruku rẹ̀ kọjá sísọ. Ti kọngílá tó ní odindi ilé láti ṣe nìyẹn.

Kí ẹ tó sanwó abẹ, ẹ wo ibi tí abẹ ti ń wọ ara ẹ̀rọ yín. Láti 2016 ni Starlock, irú ìdè kan tó ń so abẹ mọ́ ẹ̀rọ, ti dé: ẹ̀rọ Starlock kò gba abẹ StarlockPlus tàbí StarlockMax, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ StarlockMax gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Abẹ pẹlẹbẹ olówó pọ́ọ́kú kì í sábà wọ èyíkéyìí nínú wọn.

Bí ẹ bá ń rà á ní Amẹ́ríkà bọ̀ wá sí Nàìjíríà, iná 120 volt ni oníwáyà tibẹ̀ ń lò. Iná 230 tiwa á jó o. Ẹ ra oníbátìrì, kí ẹ sì ka ara ṣájà kó lè jẹ́ pé 100 sí 240 ni wọ́n kọ síbẹ̀.