Màrígóòdù fún ebè tòmátì: ẹ rà á, ṣùgbọ́n ẹ má gbìn ín bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára pákẹ́ẹ̀tì

Màrígóòdù ni òdòdó tí wọ́n ń gbìn sóko tòmátì nítorí kòkòrò. Oríṣi irúgbìn rẹ̀ méjì ló wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta irúgbìn. Tagetes erecta sábà máa ń ga, òdòdó rẹ̀ sì tóbi. Tagetes patula kì í sábà ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30 lọ. Èyí kúkúrú yìí ni kí ẹ rà fún tòmátì, torí èyí gíga á ṣíji bò ó. Tí ẹ bá rí èyí tí òdòdó rẹ̀ jẹ́ ìpele kan, ẹ mú un: àwọn agbọ́n kéékèèké àti eṣinṣin abilà tí ọmọ wọn ń pa kòkòrò ara ewé máa ń rí oje rẹ̀ mu. Nínú òdòdó tó ṣù pọ̀, ẹnu wọn kì í débẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń kọ sára ọ̀pọ̀ pákẹ́ẹ̀tì ni pé kí á gbin ẹsẹ̀ mélòó kan sáàárín tòmátì, kòkòrò á sì sá. Ìyẹn kò tó rárá. Abẹ́ ilẹ̀ ni iṣẹ́ ńlá màrígóòdù wà. Ẹ fa tòmátì tó ń rọ lọ́sàn-án, tí omi sì wà nídìí rẹ̀, tu: tí gbòǹgbò rẹ̀ bá ta kókó wúruwùru, nẹ́mátóòdù ni, aràn tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí. Gbòǹgbò màrígóòdù tó wà láàyè ní èròjà kan tó ń jẹ́ alpha-terthienyl, òun ló ń pa aràn náà. Agbára rẹ̀ kì í jìnnà sí gbòǹgbò, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Ìdí nìyí tí ẹsẹ̀ mẹ́ta kò fi lè gba ogún tòmátì là.

Ẹ jẹ́ kí màrígóòdù kún ebè náà pátápátá ṣáájú tòmátì, kí ó jìnnà síra ní sẹ̀ǹtímítà 20, kí ó sì lo oṣù méjì sí mẹ́ta. Ebè tó fẹ̀ ní mítà 1, tó gùn ní mítà 3, á gba nǹkan bí ẹsẹ̀ 75. Ẹ gbin irúgbìn 100 torí àwọn tí kò ní hù. Ẹni tó máa gbé tòmátì sóko ní oṣù kẹsàn-án, kí màrígóòdù rẹ̀ ti wà lórí ebè ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà. Ẹ máa tu koríko ibẹ̀, torí nẹ́mátóòdù á máa jẹun lára gbòǹgbò koríko, iṣẹ́ á sì di asán. Tí àkókò bá tó, ẹ gé e nídìí, ẹ fi gbòǹgbò sílẹ̀.

Irúgbìn rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúdú, ìrù rẹ̀ sì dà bíi koríko gbígbẹ. Ẹ bò ó ní ìdajì sẹ̀ǹtímítà péré. Á hù láàárín ọjọ́ mẹ́rin sí méje. Kí ẹ tó gbin gbogbo rẹ̀, ẹ fi mẹ́wàá sínú tíṣù tútù. Tí kò bá tó mẹ́fà tó hù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó ti gbó jù, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Nígbà òjò, ìdí rẹ̀ tètè ń jẹrà: àárọ̀ ni kí ẹ máa bomi rin ín. Ìgbẹ́ adìyẹ tó pọ̀ jù á sọ ọ́ di ewé lásán.

Tí ẹ bá tún gbìn ín sétí ebè láti ìbẹ̀rẹ̀ tí ẹ gbé tòmátì sí i, òórùn rẹ̀ máa ń dín eṣinṣin funfun kù. Tí wọ́n bá ti pọ̀ tán, ó ti pẹ́ jù. Tuta absoluta, kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀bólà tòmátì, tó ba oko Kàdúná jẹ́ ní 2016, kò ní tìtorí màrígóòdù kúrò. Torí èyí nìkan, ẹ má náwó. Ṣùgbọ́n ẹni tí gbòǹgbò tòmátì rẹ̀ ń ta kókó, owó rẹ̀ kò ní ṣòfò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kòkòrò pupa kéékèèké tó ń ta òwú sábẹ́ ewé fẹ́ràn màrígóòdù gan-an, ó sì lè ti ibẹ̀ bọ́ sára tòmátì. Ẹ máa yí ewé wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èyí tó bá ti ní àmì funfun wínníwínní, ẹ fi omi fọ abẹ́ rẹ̀, tàbí kí ẹ fà á tu, kí ẹ sun ún.