Ètò ìdìbò New Zealand: ìbò méjì lọ́wọ́ ẹnì kan

Ètò ìdìbò New Zealand ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, pàápàá bó ṣe kan Te Pāti Māori, ẹgbẹ́ òṣèlú kékeré ti àwọn ọmọ onílẹ̀. Ìwé ìdìbò wọn ṣe kedere: ìbò ẹgbẹ́ wà lápá òsì, ti aṣojú agbègbè wà lápá ọ̀tún, olùdìbò sì lè pín méjèèjì bó ṣe wù ú. Ní 2023, ẹgbẹ́ náà borí ní agbègbè 6 nínú àwọn agbègbè Māori 7 (agbègbè ìdìbò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn olùdìbò Māori, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀), bẹ́ẹ̀ sì ni ìbò ẹgbẹ́ tó rí kò ju nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 lọ, èyí tí ì bá fún un ní ìjókòó 4 péré nílé aṣòfin, torí ìbò ẹgbẹ́ ló ń pinnu iye ìjókòó tó tọ́ sí ẹgbẹ́; ṣùgbọ́n ẹni tó bá borí ní agbègbè kò ní pàdánù ìjókòó rẹ̀. Ìjókòó 2 tó lé yìí ni àwọn kan ń pè ní màgòmágó. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí òfin ló fàyè gbà á. Àléébù ńlá ibẹ̀ ni pé àjọ elétò ìdìbò ti dábàá ní 2012 pé kí wọ́n fagi lé irú àlékún bẹ́ẹ̀, àwọn aṣòfin kò sì ṣe é. Ó dùn mí pé àwọn ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n wá ń dá lẹ́bi.