Wọ́n fi abẹ gé lẹ́tà tí mo torí ẹ̀ ra ìwé yìí

Ewé tó jẹ́ kí n ra ìwé yìí gan-an ni kò sí nínú rẹ̀.

The Sons of Maxwell Perkins (Àwọn Ọmọkùnrin Maxwell Perkins) ni ìwé náà: lẹ́tà tí Perkins, olóòtú ilé ìtẹ̀wé Scribner ní New York, àti àwọn òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà mẹ́ta, Fitzgerald, Hemingway pẹ̀lú Thomas Wolfe, kọ síra wọn. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rà á, ₦14,500, owó ọlọ́kadà lọ́tọ̀. "Ó pé pérépéré," ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ fọ́tò rẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ kẹta ló dé Bódìjà. Wọ́n fi ọ̀rá wé e dáadáa, omi kò kàn án. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi gbádùn rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà 20 November 1924. Fitzgerald ti fi ìwé ìtàn rẹ̀, The Great Gatsby, ránṣẹ́ láti ilẹ̀ Faransé. Perkins kọ́kọ́ yìn ín tọkàntọkàn, kó tó sọ ibi tó kù sí: ojú òǹkàwé kò rí Gatsby tí ìtàn náà dá lé fúnra rẹ̀ kedere, ó ń ṣe bàìbàì. Kò gba kálámù lọ́wọ́ oníṣẹ́. Ó tọ́ka síbi tó ń jò, ó fi àtúnṣe sílẹ̀ fún un.

Ṣùgbọ́n Wolfe ni tèmi. Òun ni Perkins bá gé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ kúrò nínú ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ tó jáde ní 1929. Nígbà tó yá tí wọ́n ń sọ ọ́ kiri pé kò lè dá ìwé kọ láìsí Perkins, ó bínú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní 12 August 1938, lórí ibùsùn ọsibítù ní Seattle, ó fi pẹ́ńsùlù kọ lẹ́tà sí i. Ní 15 September, ó kú, ẹni ọdún 37. Lẹ́tà yẹn ni mo ń dá sí, bí ẹni fi ẹran sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn oúnjẹ.

Mo ṣí i débẹ̀, kò sí. Abẹ ni wọ́n fi gé e, torí etí tó kù gún régé, kò fẹ̀ ju èékánná ìka kékeré lọ.

Mo pè wọ́n. Obìnrin tó gbé fóònù ní bóyá èmi ni mo ya á. Mo fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp. "Mà, ìwé àlòkù mà ni." Mo ní ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé ó pé. Ó ní ewé kan péré nínú ìwé tó tóbi tó yìí, kí ló dé tí mò ń pariwo? Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Odindi ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń pè, wọn ò gbé e mọ́.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ọkùnrin kan pè mí, ó ní òun ló ń to ìwé sórí pẹpẹ. "Ẹ dákun, mà. Èmi ni mo kọ ọ́ pé ó pé. Mi ò ṣí i wò. Ẹ̀bi mi ni." Kò dá ọlọ́kadà lẹ́bi, kò sọ pé èmi ni. Ó bi mí pé lẹ́tà wo ni, ọjọ́ wo ni wọ́n kọ ọ́. Nírọ̀lẹ́, ó fi fọ́tò ojú ewé méjèèjì ránṣẹ́ láti inú ẹ̀dà kan tó yá lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́. Àtàǹpàkò tó fi tẹ ìwé mọ́lẹ̀ hàn nínú ọ̀kan.

Orí fóònù ni mo ti kà á. Wolfe ní òun ti rìn jìnnà, òun ti dé ilẹ̀ àjèjì, òun sì ti rí ikú nítòsí. Ó wá rán Perkins létí 4 July, ọdún mẹ́ta ṣáájú, tó wá pàdé òun ní èbúté, tí wọ́n jọ jókòó létí odò, tí wọ́n sì gun ilé gíga kan lọ wo ìlú nísàlẹ̀. Ọmọbìnrin márùn-ún ni Perkins bí, kò bí ọkùnrin kankan. Mo sunkún.

Mo ti tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, mo ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí tó kù yẹn. Wọn ò dá kọ́bọ̀ padà, obìnrin yẹn ò sì tíì bẹ̀ mí. Mo ti tún ra ìwé méjì mìíràn lọ́wọ́ wọn, àmọ́ ọkùnrin yẹn ni mo ní kó bá mi ṣí i wò lójú ewé kọ̀ọ̀kan.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5.