Wọ́n Ní Odi York Parí sí Layerthorpe: Àgbéyẹ̀wò Ìrìn Orí Odi

“Odi parí síbí o.” Ohun tí afinimọ̀nà wa sọ nìyẹn ní Layerthorpe, nígbà tí ìrìn náà kò tíì pé wákàtí kan. Rísíìtì £18 tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa mú dání sì kọ ọ́ gbàgàdà pé “gbogbo odi York”. Odi ìlú York yìí, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 3.4, kò sì sí odi ìlú àtijọ́ míì tó gùn tó o mọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àtorí Bootham Bar, ọ̀kan nínú àwọn ẹnubodè odi náà, dé Layerthorpe nìkan ni wọ́n mú wa rìn.

Obìnrin kan nínú wa béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́, Walmgate Bar ńkọ́?” Afinimọ̀nà ní kò sí nǹkan púpọ̀ lápá ibẹ̀, ṣọ́ọ̀bù àti mọ́tò ló kún ibẹ̀. A fi rísíìtì hàn án. Ó ní “gbogbo odi” túmọ̀ sí gbogbo ibi tó dáa. Ó tú káàdì orúkọ rẹ̀ kúrò láyà, ó fi í sápò, ó tọ́ka ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró sí fún wa, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ibi tó já wa sí gan-an ló yẹ kó ti sọ ọ̀rọ̀ tó pọ̀ jù. Lóòótọ́, ògiri dá níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe pé ó wó. Wọn ò mọ ọ́n síbẹ̀ rí ni. Nígbà tí Ọba William tó fi ogun gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ilé olódi rẹ̀ sí York, ní nǹkan bí ọdún 1069, ó sé odò Foss kí omi lè dáàbò bo ilé náà. Omi ya sẹ́yìn, ó bo ilẹ̀ rẹrẹẹrẹ, ó di ohun tí wọ́n ń pè ní Adágún Ẹja Ọba. Ọmọ ogun tó bá gba ibẹ̀ bọ̀, irà ni yóò gbé e mì. Ta ni yóò wá máa náwó òkúta sórí irà? Ìdí nìyẹn tí ògiri fi dá ní Layerthorpe, tó sì tún gbéra ní Red Tower, ilé ìṣọ́ kan lára odi náà. Omi náà ti lọ, títì Foss Islands ló wà níbẹ̀ báyìí, ẹsẹ̀ sì lè rìn ín ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àlàfo yẹn wà lára odi bí òkúta ṣe wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá ní odi parí síbẹ̀ kò mọ ohun tó ń tà.

Kí n má parọ́ mọ́ afinimọ̀nà yẹn, ó ṣe dáadáa ní Monk Bar. Ẹnubodè yìí ló ga jù, àjà mẹ́rin ni, wọ́n sì kọ́ ọ débi pé bí ọ̀tá bá gba ìsàlẹ̀, àwọn tó wà lókè ṣì lè máa bá ogun lọ. Ó fi ihò tí wọ́n ń gbà ju nǹkan lu ọ̀tá hàn wá, ó sì sọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn onírin tí wọ́n ń fà sókè tí wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀. Òun náà ló la ọ̀rọ̀ kan yé wa tí kò jẹ́ ká ṣìnà mọ́: ní York, “gate” kì í ṣe ẹnubodè, òpópónà ni, èdè àwọn Viking, àwọn ará Scandinavia tó gba York nígbà kan, ló ti wá. “Bar” ni ẹnubodè. Nítorí náà, Micklegate Bar ni ẹnubodè Òpópónà Ńlá.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn a kọ ímeèlì sí iléeṣẹ́ tó ta ìrìn náà fún wa. Èsì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ de gbogbo ènìyàn: ẹ ṣeun, a gbọ́ yín. A ya fọ́tò rísíìtì, a fi bírò pupa yí “gbogbo odi” ká, a fi ránṣẹ́ padà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, màmá kan tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ pè. Kò ṣe àwáwí kankan. Ó ní, “Ẹ má bínú. Ẹ bá mi ní Red Tower ní aago mẹ́sàn-án.”

Màmá yìí mọ iṣẹ́! Bíríkì pupa ni wọ́n fi kọ́ Red Tower ní ọdún 1490, nígbà tó jẹ́ pé òkúta ni gbogbo ìyókù odi. Inú àwọn agbẹ́kùúta kò dùn pé wọ́n gbé iṣẹ́ fún àwọn oníbíríkì, ìjà náà sì le débi pé ẹ̀mí lọ sí i. Láti ibẹ̀ a gorí odi lọ sí Walmgate Bar, ibi tí wọ́n ní kò sí nǹkan púpọ̀. Nínú gbogbo ẹnubodè ìlú tó kù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí nìkan ló ṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ olókùúta tó yọ síta níwájú rẹ̀. Màmá ní ká dúró sáàárín rẹ̀ ká gbójú sókè. Ọ̀tá tó bá já ilẹ̀kùn ìta wọlé, ògiri wà lọ́tùn-ún rẹ̀, ògiri wà lósì, ilẹ̀kùn kejì ṣì tì pa níwájú, àwọn tó fẹ́ pa á sì wà lókè orí rẹ̀. Ilẹ̀kùn igi oákù náà ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú ilẹ̀kùn kékeré kan lára rẹ̀ tí ènìyàn kan ṣoṣo lè bẹ̀rẹ̀ gbà kọjá. Ogun abẹ́lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ba ẹnubodè náà jẹ́ ní 1644, wọ́n sì tún un ṣe ní 1648.

Fishergate Bar kò jìnnà síbẹ̀. Màmá mú wa sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ibodè náà, ó ní, “Ẹ wo àwọ̀ òkúta yìí.” Òkúta ẹfun tó funfun níbòmíì lára odi ti pọ́n níbẹ̀ bí awọ tí iná jó. Iná tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ dá sun ẹnubodè náà ní ọdún 1489 ni. Wọ́n dí i pa lẹ́yìn náà, wọn ò sì ṣí i títí di 1827.

Ní Clifford’s Tower, ilé ìṣọ́ tó wà lórí òkìtì ilé olódi ọba, màmá rọra sọ̀rọ̀ ni. Ilé onígi ló wà lórí òkìtì náà ní oṣù kẹta ọdún 1190, nígbà tí nǹkan bí àádọ́jọ Júù sá síbẹ̀ tí wọ́n sì kú síbẹ̀. Ilé olókùúta tó wà níbẹ̀ lónìí kò tíì sí nígbà náà.

Ẹni tó bá mọ yàrà Eredo ní ìlú Ìjẹ̀bú yóò tètè rí i pé òkìtì tó wà lábẹ́ odi yìí ló ṣe èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ náà: yàrà níta, erùpẹ̀ tí wọ́n wà jáde di òkìtì, òkúta wá jókòó lé e.

Fún ẹni tó bá ń lọ: gígun odi kò la owó lọ, Clifford’s Tower ni wọ́n ń gbowó níbẹ̀. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí i, wọ́n á tì í bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọ́n sì máa ń tì í bí yìnyín bá mú. Ọ̀pọ̀ ibi ni kò sí irin ìdìmú ní ìhà inú ìlú, nítorí náà, ẹ di ọmọdé lọ́wọ́ mú. Kẹ̀kẹ́ ọmọ kò bá a lọ, àtẹ̀gùn pọ̀, òkúta sì máa ń yọ̀ lẹ́yìn òjò. Wọn kì í gba ajá láyè, àfi èyí tó ń ran aláìlera lọ́wọ́. Wákàtí méjì tó yí gbogbo rẹ̀ ká. Kí ẹ tó sanwó fún afinimọ̀nà èyíkéyìí, ẹ bi í bóyá ẹ ó dé Walmgate.

Ìràwọ̀: 2 nínú 5.